Ewé Tí N Kò Tíì Dúpẹ́ Rẹ̀

Ojú kan wà ní àtàrí mi tí irun kì í kún. Kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, bí mo bá sì dirun tó bò ó, ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí i. Onídìrí mi ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó síwájú rẹ̀ ló máa ń ní kí n jẹ́ kí òun fi wíìgì bò ó, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń dá a lóhùn pé kó fi orí olórí sílẹ̀. Ó rò pé ahun ni mí. Kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Làpálàpá ló dá ojú náà sí mi lórí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà ní Ìṣẹ́, ooyà kan ṣoṣo sì ni ìyá tó ń dirun fún wa ládùúgbò fi ń ya irun gbogbo ọmọ. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo wa ti di ọmọ ìyá kan náà: róbótó níhìn-ín, róbótó lọ́hùn-ún, etí rẹ̀ funfun, a sì ń họ orí títí tí olùkọ́ fi ń kọ́ni tán. Tèmi ló burú jù. Ọmọ tó ń bá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn, wọ́n sì gbé e lọ lójú mi. N kò tíì dárí jì í di òní, bẹ́ẹ̀ a jọ ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni.

Ìyá mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, kì í fi nǹkan falẹ̀. Ó mú mi lọ sí kẹ́míìsì, ó ra kírìmù inú tíúbù, ó ń fi pa mí lórí láàárọ̀ lálẹ́. Làpálàpá náà rọlẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó tún yọjú, ó sì ti bímọ kún ara rẹ̀. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn dé, ìyá mi fi gèlè wé orí mi, ó gbé mi sórí ọ̀kadà, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Yèyé.

Yèyé ni ìyá tó bí ìyá mi. Oko ló ń gbé, ní abúlé kan lójú ọ̀nà tó ti Ìṣẹ́ lọ sí Ọ̀rún, níbi tí ilé kò ju mẹ́jọ lọ, tí kòkó sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí orin inú ìwé orin tí kò mọ̀ lórí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò dé kó tó wọ̀ ọ́. Làpálàpá, èélá, gbogbo ohun tó bá ń yún ènìyàn lára ló ń wò. Ohun tó bá wà nínú ikùn, ó máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, pé òun kò lójú tó ń rí inú ènìyàn.

Lẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀ ni àsúnwọ̀n òyìnbó wà, igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí òdòdó rẹ̀ máa ń nàró gangan bí àbẹ́là. Omi ìwẹ̀ ilé ló ń mu, ìyẹn ló fi sanra tó bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dúdú tó ń lò, òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán lóko, yóò ṣa èèpo rẹ̀ jọ, yóò sá a títí yóò fi gbẹ, yóò sun ún di eérú, yóò sẹ́ omi eérú náà, yóò wá fi àdín sè é, yóò sì máa rò ó títí apá yóò fi kú. Àwọn yòókù lábúlé ń da èèpo kòkó tiwọn nù ni. Yèyé máa ń bú wọn pé ojú ń fọ́ wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fá orí mi kodoro. Ó fi ọṣẹ náà wẹ̀ ẹ́, ó fi kànìnkànìn ha ojú làpálàpá náà títí ó fi pọ́n. Ó já ewé wá, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú àdín díẹ̀, ó fún omi rẹ̀ sí mi lórí, ó sì fi ìyókù lẹ ojú ibẹ̀. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fi sá kúrò ní àgbàlá. Yèyé kò tilẹ̀ mira.

"Ó ń ta ọ́?" ó bi mí. "Ó dáa. Ó ti bá a n'ubẹ̀."

Ìyá mi, tí kò tíì padà sí Ìṣẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Ṣé ẹnu rẹ di ni? Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé." Ọmọ olùkọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ ilé ti wọ̀ mí lára. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, nígbà tí Yèyé na ọwọ́ fìrì, ó bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ náà kún fún ewé. Èyí tó wọlé sí mi lẹ́nu korò débi pé mo ń tutọ́ títí di ọ̀sán.

"A kì í dúpẹ́ ewé!" Ìyá mi ló dojú ọ̀rọ̀ kọ, kì í ṣe èmi. "Ùwọ tí mo bí n'ulé yìí, tí mo rán n'ulé ìwé, o ti gbàgbé? Bí ọ́n bá dúpẹ́ ewé, ewé á rò pé uṣẹ́ tán, á kẹ́rù rẹ̀, á máa lọ ulé."

N kò rí ìyá mi kí ojú tì í bẹ́ẹ̀ rí. Ó bẹ Yèyé, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìgbà tí ewé bá ti parí iṣẹ́, ẹni tí wọ́n wò yóò padà wá fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Yóò tẹrí ba tàbí kó na apá, ibi yòówù tí wọ́n ti wò ó. Yèyé yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Ó ti jinná." Ìgbà náà lèèyàn tó lè dúpẹ́. Mo rí ọmọ abúlé mẹ́ta tí wọ́n ṣe é nígbà ìsinmi náà. Yèyé kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń fẹ́ gbọ́, bó bá sì ti gbọ́ ọ, gbogbo ọjọ́ náà ni yóò fi máa kọrin nídìí iṣẹ́. Èmi náà wá ń retí ọjọ́ tèmi. Mo tilẹ̀ ti ń dánra wò bí n ó ṣe kúnlẹ̀.

Láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń wò mí. N ó jókòó sórí àpótí láàárín ìtan rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn mi á fara ti ikùn rẹ̀, yóò máa fi ìka họ ibi tó ń yún mi kó tó fi ewé sí i. Bó bá ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, ẹ̀yìn mi ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ewé, ọṣẹ, àdín àti èéfín tó ti wọ aṣọ rẹ̀ jọ ń rùn pọ̀. Nígbà yẹn mo ń fi ọwọ́ dí imú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ nítorí kí n tún lè gbọ́ òórùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti ara rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn róbótó náà ti gbẹ, wọ́n ti re, irun wẹ́wẹ́ ti ń yọ lójú wọn. Ojú kan ṣoṣo ló kù, ti àtàrí, èyí tí mo ti họ di egbò kí n tó wá. Yèyé máa ń fọwọ́ kàn án, yóò ní, "Ó ku díẹ̀. Má tíì dúpẹ́."

Bí ó ṣe ku díẹ̀ náà ni ìyá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ti wọlé sí ilé-ìwé girama onílé gbígbé kan ní Ìkẹ́rẹ́, ìwé ìgbàwọlé sì pẹ́ kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó ku ọjọ́ méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Yèyé ti lọ sí oko kòkó, wọn kì í sì í tètè dé láti ibẹ̀. Mo ní ká dúró dè é. Ìyá mi ní ọ̀kadà ń dúró, àti pé a ó padà wá ní Sátidé. Mo gun ọ̀kadà. Kí n sọ òtítọ́, inú mi ń dùn. Bàtà tuntun ń dúró dè mí ní Ìṣẹ́.

A kò padà lọ ní Sátidé.

Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọbìnrin inú yàrá wa bi mí pé ojú egbò kí ló wà lórí mi. Ọmọ kan ti sọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ewé ni ìyá òun fi ń wẹ ara òun, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Màmá Elégbòogi títí tí sáà fi parí. Mo dá wọn lóhùn pé dókítà ló fi kírìmù wò mí. Mo tún irọ́ náà pa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ àwọ̀ tíúbù kírìmù ọ̀hún.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Yèyé ní Kérésì, mo ń lọ nígbà iṣu tuntun. Mo dúpẹ́ iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ adìyẹ, mo dúpẹ́ ọṣẹ tó máa ń dì fún mi sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ti orí mi ni mo ń sún síwájú. Irun Kérésì ti wà lórí, ta ni yóò tú irun tuntun nítorí pé ó fẹ́ fi àtàrí han ìyá àgbà? Mo máa ń sọ fún ara mi pé yóò di ìgbà tí mo bá tún padà wá. Yèyé kò sì béèrè rí, nítorí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi kú. Mo di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkẹ́rẹ́. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa làpálàpá, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹbí olú tó ń hù lára igi jíjẹrà ni ohun tó ń fà á, pé ibi tó bá lọ́rinrin ló fẹ́ràn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín pé olú ń hù lórí èèyàn. Mo máa ń sọ pẹ̀lú pé àwọn onímọ̀ ń fi omi àti ọtí líle yọ oje ewé bí àsúnwọ̀n òyìnbó, tí wọ́n ń wò ó bóyá yóò lè pa á. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, róbótó kan yọ sí mi lọ́rùn. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, mo lọ ra kírìmù àdàlù lọ́jà, èyí tí wọ́n po oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sí, mo fi ń pa á. Ìyún rẹ̀ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ń gbòòrò lábẹ́lẹ̀, ó fi ọrùn sílẹ̀, ó dé àyà. Dókítà tí mo padà tọ̀ lọ bá mi wí bí ọmọdé. Ó ní kírìmù ọjà yẹn ń mú kí ara dákẹ́ ni, kò pa nǹkan kan, kí n jù ú nù. Ó fún mi ní èyí tó yẹ, mo sì ń lò ó bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó níwájú rẹ̀, tó ń fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ ọrùn mi, ìka mìíràn ni mo ń rántí. Àárò Yèyé sọ mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Dókítà rò pé ọ̀rọ̀ òun ló dùn mí.

Mo tú irun mi ní alẹ́ Ẹtì, mo sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Ìṣẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, láìjẹun. Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́.

Yèyé ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní àǹtí, ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, orúkọ ìyá mi ni Yèyé fi kí mi. N kò já a ní koro. Mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀: "Yèyé, ewé tí ẹ fi wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo wá dú—"

Ọwọ́ rẹ̀ ti bò mí lẹ́nu. N kò mọ ibi tó ti rí agbára. Ọwọ́ kejì ti wà lórí mi, ìka rẹ̀ ń wá nǹkan láàárín irun, ó sì rí i. Irun dídì alágbára ti bá mi fa ojú náà gbòòrò ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ni ní kó o dúpẹ́?" ó ní. "Urun ubi yìí dà? Kò tíì jinná. Padà wá lọ́jọ́ ọjà." Ó wá kígbe sí àǹtí mi pé kó já ewé wá.

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà jókòó sórí àpótí, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ó fi ewé lẹ̀ mí lórí. Nínú ọkọ̀ tí mo bá padà sí Ìkẹ́rẹ́, ọkùnrin tó jókòó tì mí sún títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé, ọjọ́ tí n kì í kọ́ni, ni mo ń lọ. Ọrùn mi sàn láàárín oṣù kan. N kò ní parọ́ lẹ́ẹ̀kejì: oògùn dókítà ni mo lò síbẹ̀, orí nìkan ni Yèyé ń wò. Bó bá ti wò ó tán, yóò fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, yóò mi orí. "Kò tíì jinná."

Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi pè mí sẹ́yìnkùlé. "Sọ fún Yèyé pé ó ti jinná," ó ní. "Dúpẹ́, kó o máa lọ ulé rẹ. Ojú àpá ni yẹn. Urun kan ò lè hù n'ubẹ̀ mọ́."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wò mí ni?" Mo jágbe mọ́ ọn, n kò sì bẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé n kò fẹ́ kó jinná mọ́. Bí kò bá tíì jinná, Yèyé gbọ́dọ̀ dúró kó wò mí, èmi náà gbọ́dọ̀ padà wá. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí n ó dúpẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni Sátidé tó kẹ́yìn. Yèyé kò lè jókòó, orí ẹní ló wà. Èmi ni mo já ewé, èmi ni mo lọ̀ ọ́. Mo gbé ọwọ́ mi sí imú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Àdín rẹ̀ ti pọ̀jù." Mo padà lọ fi ewé kún un. Nígbà tí mo fi í sórí tán, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mi. Ó na ọwọ́ sí àtàrí mi, ó pa á lẹ́ẹ̀kan.

Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wá. Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ náà dúró lórí mi, ó wúwo, ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Oorun ti gbé e lọ. N kò mira títí àǹtí mi fi wá, tó rọra gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí lórí fóònù.

Níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń tò kọjá, oníkálukú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin arúgbó méjì kan wá láti Ọ̀rún, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sọ fún gbogbo ènìyàn pé Yèyé ló wo orí àwọn. Ó kàn mí. Mo tẹ àtàrí mi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti tutù, mo sì dúró bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ń sunkún. "Dúpẹ́ wàyí," ó ní. "Ọ́n fẹ́ gbé Yèyé." Mo ya ẹnu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi bò ó.

Mo gbé ẹ̀ka àsúnwọ̀n òyìnbó náà wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó ti hù lẹ́yìn balùwẹ̀ mi, omi ìwẹ̀ wa ló ń mu. Ní àárọ̀ Sátidé, kí n tó jẹun, mo máa ń lọ ewé rẹ̀ pẹ̀lú àdín díẹ̀. Mo máa ń fi í sí ojú tí irun kò ní hù sí mọ́ láéláé. Bí mo bá ti ṣan án kúrò, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara mi pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n ó pa á lẹ́ẹ̀kejì, n ó sì sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.